Jìgá: Bí Ẹsẹ̀ Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Padà Bọ̀ Sípò

 Lónìí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tó sì lè sọ ọmọ kékeré di ẹni tí kò lè rìn. Jìgá ni. Tó bá jẹ́ ìlú ńlá lẹ ti dàgbà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnu àwọn àgbà nìkan lẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ti gba èékánná kan lẹ́sẹ̀ mi rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé ìwé lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Kérésì ọdún méjì sẹ́yìn ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sáà kìn-ín-ní master's mi nínú ìmọ̀ nípa àwọn kòkòrò àfòmọ́, mo wá gba ilé lọ sí Kàbà. Mi ò pẹ́ nínú ìlú, oko ni mò ń lọ. Abà wa wà ní apá ọ̀nà tó lọ sí Ọbàjànà, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń gbin iṣu àti ọkà bàbà. Ọ̀kadà gbé mi dé ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé, ti ń kí mi láti òkèèrè: “Òkun o! Òkun o!” Ìkíni yìí náà ni wọ́n fi ń pe gbogbo wa ní Òkun, àti àwa Owé ti Kàbà, àti Yàgbà, àti Bùnú, àti Ìjùmú, àti Ọ̀wọ́rọ̀. Àwọn ọmọ sáré wá gba ẹrù lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan ò sáré.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Lọ́dún tó ṣáájú, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, á ti máa tú báàgì mi wò kí n tó jókòó. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló jókòó sí. Nígbà tí mo pè é, ó dìde, ó ń fi gìgísẹ̀ rìn bí ẹni tó ń rìn lórí ẹ̀gún, gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé sókè. Mo ní kó jókòó kí n wò ó. Ó kọ̀, ó fi erùpẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn. “Ọkọ mi, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ọ̀bùn ọmọ ni. Kì í fẹ́ fọ ẹsẹ̀.” Ó sọ ọ́ bí àwàdà, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú ń ti òun alára.

Bísíkíìtì àti tọ́ọ̀ṣì fóònù mi ni mo fi tàn án kó tó gbà. Àwọn ọmọ ìka náà ti wú, wọ́n ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Èékánná méjì ti ṣí kúrò. Láti etí èékánná títí dé gìgísẹ̀, àwọn nǹkan funfun roboto tó ní ààmì dúdú láàárín tò ti ara wọn bí ojú afárá oyin. Àwọn kan ti di egbò, wọ́n sì ń rùn. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì: 63, ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀. Ó ti tó oṣù méjì tó ti lọ sí ilé ìwé gbẹ̀yìn, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Pẹ́pẹ́yẹ nítorí ìrìn rẹ̀. Ibi tí mo jókòó sí ní alẹ́ yẹn, mo bínú sí ara mi. Mo ti lo oṣù mẹ́rin nínú lab tí mò ń wo àwọn kòkòrò àfòmọ́ nínú máíkírósíkóòpù, ilé tèmi sì ni wọ́n ti ń jẹ ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń bá jà. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Tunga penetrans. Ìbátan àwọn kòkòrò tó máa ń fò lára ajá àti ológbò ni, àwọn tí òyìnbó ń pè ní flea, ó sì wà lára àwọn tó kéré jù nínú wọn: bíi mìlímítà kan péré ni. Kò lè fò ga. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló máa ń bá, pàápàá etí èékánná, àárín ọmọ ìka àti gìgísẹ̀. Takọtabo wọn ló ń mu ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n abo nìkan ló ń wọ inú awọ lọ jókòó.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Á fi orí gbẹ́ ọ̀nà wọ inú awọ, kó tó ọjọ́ méjì ó ti wọlé tán, á wá fi ìdí sílẹ̀ níta. Ìdí tó kù níta yẹn ni ààmì dúdú tí ẹ máa ń rí, ihò tíńtín kan sì wà níbẹ̀. Ẹ fi ihò yẹn sọ́kàn o, a máa padà sí i. Ibẹ̀ ló ti ń mí. Ibẹ̀ ló ti ń yàgbẹ́. Ibẹ̀ náà ló ti ń yé ẹyin. Ikùn rẹ̀ á wá máa wú lábẹ́ awọ títí á fi tó hóró ẹ̀wà, nígbà mìíràn ó máa ń tó sẹ̀ǹtímítà kan. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó máa ń tóbi tó ìlọ́po 2,000 bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ tiẹ̀ rò ó wò: ewúrẹ́ kan wọ ilé yín lálẹ́ ọjọ́ kan, kí oṣù tó parí ó ti wúwo tó tírélà tó ru sìmẹ́ńtì. Ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní dun ẹsẹ̀ ọmọ?

Ó máa ń ju ẹyin tó lé ní 100 dà síta, lẹ́yìn náà á kú síbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ ni o, jìgá á kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ì báà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ẹyin tó bọ́ sílẹ̀ ni wàhálà. Tó bá bọ́ sórí ilẹ̀ eléruku tó gbẹ, á pa láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ohun tó jáde nínú rẹ̀ á máa jẹ àwọn ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ inú eruku, á hun ilé bo ara rẹ̀, tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, jìgá tuntun ti jáde nìyẹn, ó ń wá ẹsẹ̀ kiri. Ẹsẹ̀ ta ló sì sún mọ́ ọn jù? Ti ọmọ tó sun orí ẹní nínú yàrá yẹn kan náà.

Òye yìí ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò ní. Ó rò pé ọmọ náà ń lọ kó jìgá wá sílé láti ibi ìdọ̀tí kan. Ilé gan-an ni jìgá ń gbé. Ọmọ náà ń fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ bọ́ wọn ní yàrá tó ń sùn, wọ́n ń bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ wọn ń padà wá bá a. Ẹni tó sì ní 63 lẹ́sẹ̀ kò lè rìn jìnnà. Á jókòó sílé láti àárọ̀ di alẹ́, ní ibi tí jìgá pọ̀ sí jù.

Nǹkan kan wà tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: jìgá kì í ṣe ọmọ Áfíríkà. Gúúsù Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù ìtòsí rẹ̀ ni ilé rẹ̀, ó sì dààmú àwọn ará Sípéènì tó kọ́kọ́ débẹ̀ lẹ́yìn Columbus. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ní 1872, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Thomas Mitchell gbéra láti Rio de Janeiro, ó gúnlẹ̀ sí Ambriz ní Àǹgólà. Wọ́n ti kó yanrìn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà kó má baà máa fì lórí òkun. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n da yanrìn náà sí etíkun. Jìgá wà nínú yanrìn. Láti ibẹ̀ ló ti bá àwọn oníṣòwò, aláàárù àti ọmọ ogun rìn, ẹsẹ̀ lásán sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rìn. Kí ọdún 1900 tó pé, ó ti la Áfíríkà kọjá, ó ti dé Sansibá ní etíkun kejì. Orúkọ tí àwa ń pè é pàápàá, mo fura sí i. Ẹ gbọ́ bó ṣe jọ jigger tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é.

Mo sọ ìtàn yìí fún Ìyé. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Irú àlejò wo ni kò mọ ọ̀nà ilé mọ́?”

Ní ilé wa, abẹ́rẹ́ ni oògùn jìgá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, Ìyé á gbé fìtílà, á pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, á fa abẹ́rẹ́ ìránṣọ yọ láti ara ògiri. Ó mọ̀ ọ́n ṣe o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Á gbẹ́ etí rẹ̀ yíká díẹ̀díẹ̀, á yọ ọ́ jáde lódindi láìbẹ́, á fi kẹrosíìnì ra ojú ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan náà ni fún gbogbo wa, àwa mẹ́fà. Níbi tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kan nínú wọn ló sì bẹ́ jìgá sínú lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì mi. Ibẹ̀ wú, ó gbọn ọyún, èékánná náà bọ́. Èyí tó hù padà wọ́ títí dòní. Mo máa ń kun èékánná ẹsẹ̀ mi kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí.

Àánú Ọlọ́run ni pé ibi tó mọ nìyẹn. Tí jìgá bá bẹ́ sínú, tí orí rẹ̀ kù síbẹ̀, ara á máa bá a jà, ibẹ̀ á sì di egbò. Abẹ́rẹ́ tó ti wọ erùpẹ̀ lè gbé kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì wọ inú ara, àìsàn tó máa ń mú eyín èèyàn pọ̀ pinpin, tó sì ń pa ọmọ. Abẹ́rẹ́ tí èèyàn mẹ́fà fi ń yọ jìgá lè pín àrùn mẹ́dọ̀wú kiri láàárín wọn. Ẹ tún wò ó pé ọmọ tó ní ẹyọ kan lè fara dà á. Èyí tó ní 63 ńkọ́? Èèyàn mẹ́rin ló máa ń di ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú lálẹ́. Nígbà tí mo dé, tó bá ti rí i tí ìyá rẹ̀ gbé fìtílà, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fọwọ́ lẹ́rán, ó ti gbé ọmọ náà lọ sí ibi ìtọ́jú kan kí n tó dé. Òṣìṣẹ́ tó bá níbẹ̀ fi ọwọ́ bo imú, ó ní kí wọ́n lọ wẹ ọmọ wọn kí wọ́n tó máa gbé e jáde. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà padà sílé. Kò lọ síbòmíràn mọ́. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, ilẹ̀ ló ń wò.

Àwọn kan bi mí pé ṣé Mectizan tí wọ́n máa ń pín lọ́dọọdún kò lè pa á. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, nítorí oògùn yẹn ń pa onírúurú kòkòrò. Wọ́n ti dán an wò fún jìgá ní Brazil, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn náà gbé mì, wọ́n fún àwọn yòókù ní ayédèrú tí kò ní nǹkan kan nínú, kò sì sí ìyàtọ̀ tó ṣe é mú yangàn. Ó dùn mí, torí pé ó wà nílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìwádìí tó là mí lójú jù wá láti ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ní Erékìtì, abúlé kan lápá Badagry ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ugbomoiko ti Yunifásítì Ìlọrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Heukelbach tó ń ṣiṣẹ́ ní Brazil sì wà lára wọn, ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń yẹ ẹsẹ̀ èèyàn wò. Ní 2007 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Ó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò tó ní jìgá lára. Wọ́n wá béèrè ohun tí òṣìṣẹ́ tó bo imú yẹn kò béèrè: kí ló wà nílé àwọn tó ní in, tí kò sí nílé àwọn tí kò ní in?

Ohun tí wọ́n rí ni pé ilẹ̀ ilé ló gba iwájú. Tí a bá ní kí gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ ní ilẹ̀ líle dípò yanrìn tàbí amọ̀, ìṣirò wọn sọ pé 73.7% nínú jìgá tó wà ní abúlé náà ni kì bá tí sí. Àìwọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ déédéé, 51.1%. Ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọgbà ilé, 37.9%. Ẹ má ṣe sọ pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún o. Ọmọ kan náà lè máa sùn lórí ilẹ̀ amọ̀, kó má wọ bàtà, kí ẹlẹ́dẹ̀ sì wà nílé wọn, nítorí náà orí ẹnì kan ni wọ́n ti ń ka ohun mẹ́ta. Wọ́n tún rí i pé jìgá kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílé àwọn tó ń fọ́n oògùn apakòkòrò sínú ilé.

Mo ka ìwé náà lórí fóònù ní abẹ́ igi máńgòrò, mo gbé ojú sókè, mo wo ilé wa. Ilẹ̀ amọ̀ tó ti là, eruku kún inú rẹ̀. A ò ní ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n ajá wa ń sùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ, ajá náà sì máa ń ní jìgá. Mo yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò, mo bá mẹ́rin. Ewúrẹ́ ń so mọ́ ẹ̀yìn ògiri. Lójú títì, tí kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí wa, àwọn tírélà ń kó sìmẹ́ńtì kọjá láti Ọbàjànà tọ̀sán tòru, láti ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó tóbi jù ní Áfíríkà. Tó bá di alẹ́, a máa ń gbọ́ ìró wọn láti orí ẹní.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ihò tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn.

Òróró kan wà tí wọ́n ń pè ní dimeticone. Ìdílé ṣílíkọ́ọ̀nù ló ti wá, wọ́n sì ń tà á ní Yúróòpù fún iná orí. Kì í ṣe májèlé. Ohun tó fi ń pa kòkòrò ni pé ó máa ń yọ́ wọ ibi tí omi kò lè wọ̀. Tí ẹ bá kán an sórí ààmì dúdú yẹn, á gba ihò wọlé, á dí ọ̀nà èémí jìgá pa. Kò sí pé à ń gbẹ́, kò sí pé à ń fà á yọ. Jìgá á kú sínú, á gbẹ, awọ ara á sì tì í jáde fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ.

Ní Kẹ́ńyà, Marlene Thielecke, Hermann Feldmeier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dán an wò fún ọmọ 47, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2014. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n tí wọ́n dá. Ẹsẹ̀ kan ọmọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi dimeticone kùn, wọ́n rẹ ẹsẹ̀ kejì sínú omi potassium permanganate, omi aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n máa ń lò níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ kan náà, ilé kan náà, oúnjẹ kan náà, kìkì oògùn ló yàtọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ keje, 78% nínú àwọn jìgá ẹsẹ̀ tí wọ́n fi òróró kùn ni kò ní ààmì ìyè kankan mọ́. Ti ẹsẹ̀ kejì jẹ́ 39%.

Mo fi WhatsApp ránṣẹ́ sí àbúrò màmá mi tó wà ní Jámánì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn rò pé aṣọ ni mo máa béèrè. Ó di ìparí oṣù kìn-ín-ní kí ẹni tó ń bọ̀ nílé tó gbé ìgò méjì dé. Kó tó dé, a ti ń fi ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ egbò rẹ̀, a sì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ibòmíràn. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló bá wa ṣe é. Ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé orí itan ara rẹ̀, lórí aṣọ funfun rẹ̀, ó ń bi í ní orúkọ tíṣà rẹ̀. Mi ò lè gbàgbé obìnrin yẹn.

Ní ọjọ́ tí a máa lò ó, ọmọ ti sá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Mo bá a lọ síbẹ̀, mo fi ìgò náà lé e lọ́wọ́. Mo ní, “Kò sí abẹ́rẹ́. Ìwọ fúnra rẹ lo máa kán an.” Ó wo ojú mi títí. Ó ní, “Àǹtí, ẹ búra.” Mo búra. Ó kán àkọ́kọ́ sórí èyí tó wà lẹ́bàá ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di ojú, ó ń dúró de ìrora. Kò sí nǹkan kan. Ó tún kán òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a kán an sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí a fi ṣe tán, ó ti ń bú mi pé mò ń fi òróró ṣòfò.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kò yún òun mọ́ lóru. Ìyá rẹ̀ sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà ìkórè tó sùn di àárọ̀. Lọ́jọ́ keje, mo ti padà sí ilé ìwé, ẹ̀gbọ́n mi ló ń ya fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Àwọn ààmì dúdú náà ti gbẹ, wọ́n ti wọnú. Bíi mẹ́sàn-án ṣì ń tu ẹyin funfun jáde, a tún kán òróró sí wọn. Kó tó pé oṣù kan, awọ líle gìgísẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo, awọ pupa jọ̀lọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo kì í ṣe ìwádìí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ mi á sì pariwo tí mo bá sọ pé ó jẹ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn ni mo fi sí ojú fóònù mi.

Oògùn nìkan ò lè parí iṣẹ́ náà nígbà tí ilẹ̀ ṣì kún fún ọmọ jìgá. Ibí ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti jà díẹ̀. Ó ní tí owó sìmẹ́ńtì bá wà, ajílẹ̀ lòun máa fi rà. Mo dá díẹ̀, ó dá díẹ̀, wọ́n da ilẹ̀ yàrá àwọn ọmọ àti pálọ̀. Wọ́n kó ewúrẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ abà, wọ́n fọ́n oògùn apakòkòrò sí àwọn ìlà ara ògiri, wọ́n sì kán òróró sí ọwọ́ ajá náà. Ìyé ló kọ̀. Ó ní sìmẹ́ńtì ń mú òtútù wọ eegun, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ da nǹkan kan sí yàrá òun. Ta ló máa bá Ìyé jiyàn?

Ní ti bàtà, ìwádìí kan tún wà láti Madagásíkà tó pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì kọ́ mi lọ́gbọ́n. Wọ́n fún àwọn kan ní bàtà, wọ́n fún àwọn mìíràn ní ìpara Zanzarin, tí òróró àgbọn pọ̀ nínú rẹ̀, pé kí wọ́n máa fi í pa ẹsẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìpara náà ló ṣiṣẹ́ jù. Àwọn tó gba bàtà kì í wọ̀ ọ́ tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá mọ àwọn ọmọ abà wa kò ní bi mí pé kí ló dé. Bàtà tuntun, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi ẹ̀ẹ̀sì àti àwọn àìsàn mìíràn tí kòkòrò orí awọ ń fà kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì, jìgá sì wà lára wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò méjì tí mo lò, ẹrù ẹnì kan ló bá wá láti Jámánì. Mo béèrè rẹ̀ ní ilé oògùn mẹ́ta ní Kàbà, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ọmọ tí kò ní ẹbí lókè òkun ńkọ́?

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún yẹn ló padà sí ilé ìwé, ó wọ sáńdà. Wọ́n ti fi í sẹ́yìn ní kíláàsì kan, inú rẹ̀ ò sì dùn sí i. Ọmọ ìka méjì ṣì wọ́ díẹ̀, èékánná tó ń hù padà nípọn, ó rí págunpàgun, ó sì lè ju ọdún kan lọ kó tó gún. Orúkọ Pẹ́pẹ́yẹ ò lọ bọ̀rọ̀. Ó ti ń lò ó fúnra rẹ̀ lórí pápá báyìí, tó bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé á máa rìn bí pẹ́pẹ́yẹ yí pápá ká, àwọn tó kù á máa tẹ̀ lé e.

Oṣù kẹjọ tó kọjá ni mo délé kẹ́yìn. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ tutù, àsìkò tí jìgá kì í pọ̀. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, méjì ti padà wọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Mo béèrè ibi tó ti kó o. Gbogbo wọn wo Ìyé. Yàrá rẹ̀ ló ti lọ gbọ́ àlọ́, ó sì sùn síbẹ̀.

Ìyé ò dáhùn. Ní alẹ́ yẹn, mo bá ọmọ náà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù mi. Ó ti gbé ẹsẹ̀ Ìyé lé orí itan ara rẹ̀, bí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe gbé tirẹ̀, ó ń yẹ àárín àwọn ọmọ ìka wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí ẹyọ kan ní ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀. Ó ṣí ìgò, ìwọ̀nba tó kù nínú rẹ̀ kò ju ṣíbí kan lọ, ó kán an sórí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú. Ìyé ní, “Ṣé o ti yọ ọ́ tán ni?” Ó ní, “A kì í yọ ọ́, Ìyé. Ẹ má gbọn ẹsẹ̀.”